Akíntọ́lá nílé aṣòfin Èkó: Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó dàgbà sí Mínná, tọ́rọ̀ rẹ̀ sì kan gbogbo wa l'Ókè Ọya

Bí wọ́n bá dárúkọ Ládòkè Akíntọ́lá níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá l'Ókè Ọya, ilé kì í pẹ́ pín sí méjì. Àwọn kan á ní akọni ni, àwọn kan á ní ọ̀dàlẹ̀ ni, àwọn àgbà ló sì máa ń bá wọn pa á tì kọ́rọ̀ má baà dìjà. Ohun tí gbogbo wọn sì máa ń fà á lé lórí kò ju ọdún mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ayé ọkùnrin náà lọ: ìjà òun àti Awólọ́wọ̀, ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀, àti wẹ́tíẹ̀. Àwa ò sọ pé ìyẹn ò ṣe pàtàkì, a ṣì máa dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 1952 títí di ìparí 1959, kó tó di olórí ìjọba n'Ìbàdàn, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ékòó ni Akíntọ́lá ti ń ṣiṣẹ́, ìgbà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kan àwa tá à ń gbé lẹ́yìn odi jù. Òun la fẹ́ sọ.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù keje, ọdún 1910 ni wọ́n bí i ní Ògbómọ̀ṣọ́. Oníṣòwò aṣọ ni bàbá rẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá ń ṣòwò láyé ìgbà yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé. Ìgbà náà ni rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Òkè Ọya. Irin tó ti Èkó bọ̀ àti irin tó ti Bárò lọ sí Kánò pàdé ní Mínná, ibi tí irin méjì bá sì ti pàdé, ọjà ò ní ṣàì sí níbẹ̀. Bàbá Akíntọ́lá kó ìdílé rẹ̀ lọ síbẹ̀ nígbà tọ́mọ náà ṣì kéré gan-an. Ilé ìwé àwọn CMS ní Mínná ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, ìgboro Mínná náà ló sì ti gbọ́ Haúsá. Ọdún 1922 ni wọ́n tó dá a padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì bọ́ sílé ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ọmọ tó lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Mínná, tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn ní sánnu kó tó mọ bí Èkó ṣe rí, ọmọ àlejò bíi tàwọn ọmọ tiwa ni. Àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ máa ń fi gbólóhùn kan ṣoṣo kọjá lórí èyí. Lójú tiwa, kò yẹ kí wọ́n kọjá bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo àwọn èèkàn ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tó dé ilé aṣòfin l'Ékòó, ìwọ̀nba díẹ̀ ló lè bá ará Òkè Ọya sọ̀rọ̀ lédè rẹ̀, Akíntọ́lá sì wà lára wọn.

Ó kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì lọ ṣe tíṣà ní Baptist Academy l'Ékòó láti 1930 títí di 1942. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní rélùwéè lẹ́yìn náà. Lọ́dún 1943 ló di olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service, tí í ṣe ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í gba ìgbàkugbà. Òun àti àwọn ìwé ìròyìn Nnamdi Azikiwe bá ara wọn fà á gan-an, pàápàá lọ́dún 1945 nígbà táwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà. Azikiwe wà lẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́, Akíntọ́lá ní ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò dáa. Ó tún dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ lédè wa, Ìròyìn Yorùbá ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá mọ bó ṣe máa ń yí Yorùbá po lẹ́nu, tí olóyìnbó inú ìlú á máa rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bú, yóò mọ̀ pé nídìí ìwé ìròyìn ló ti pọ́n ọn mú.

Lọ́dún 1946, ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣàkóso ìjọba ló kọ́kọ́ kọ́, ó wá kọ́ òfin. Lọ́yà ló jẹ́ nígbà tó fi máa padà dé, àsìkò tó sì dé gan-an làwọn Awólọ́wọ̀ ń dá Action Group sílẹ̀, ẹgbẹ́ tá a mọ̀ sí Ọlọ́pẹ nítorí igi ọ̀pẹ tí wọ́n fi ṣàmì. Ó di agbẹjọ́rò tó ń gba ẹgbẹ́ náà nímọ̀ràn.

Nígbà yẹn, ará ìlú kì í dìbò yan aṣòfin Èkó tààrà. Wọ́n á dìbò yan àwọn tó ń lọ sílé aṣòfin n'Ìbàdàn, àwọn yẹn á wá yan àwọn kan láàárín ara wọn pé kí wọ́n máa lọ sí Èkó. Nípa bẹ́ẹ̀ ni Akíntọ́lá ṣe dé ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin lọ́dún 1952. Ẹ̀ka Ìwọ̀-Oòrùn lẹ́tọ̀ọ́ sí mínísítà mẹ́rin níbẹ̀, àwọn mẹ́rin náà sì ni Bọ̀dé Thomas tó gba ètò ìrìnnà, Arthur Prest tó gba ìbánisọ̀rọ̀, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí tí wọn ò fún níṣẹ́ kan pàtó, àti Akíntọ́lá fúnra rẹ̀, ẹni tó di mínísítà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ó jókòó sínú ìgbìmọ̀ kan náà pẹ̀lú Abubakar Tafawa Balewa láti Òkè Ọya. Ojú méjèèjì mọ ara wọn níbẹ̀, ó sì lóhun tó bí lẹ́yìnwá ọ̀la.

Ọdún kan péré ni ìgbìmọ̀ náà fi rọgbọ. Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, ọdún 1953, Anthony Enahoro tí í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ dìde, ó dá a lábàá pé kí Nàìjíríà gba òmìnira lọ́dún 1956. Àwọn ará Òkè Ọya ò fẹ́ gbọ́ ọ. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ òmìnira o. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé ọ̀mọ̀wé wọn ò tíì pọ̀, àwọn ará Gúúsù ni yóò sì gba gbogbo iṣẹ́ ìjọba lọ́jọ́ tí òyìnbó bá kúrò. Ahmadu Bello, Sàdáúnà Sókótó, ní kí wọ́n yọ 1956 kúrò nínú àbá náà, kí wọ́n kọ ọ́ pé ìgbà tó bá rọrùn. Bọ́rọ̀ ṣe dà rú nìyẹn. Àwọn mínísítà mẹ́rin tó jẹ́ ti Ọlọ́pẹ fiṣẹ́ sílẹ̀, Akíntọ́lá wà lára wọn. Ọlọ́pẹ àti NCNC, ẹgbẹ́ alákùkọ, jùmọ̀ jáde kúrò nílé aṣòfin.

Ká ní ibẹ̀ lọ́rọ̀ mọ ni, ìbá jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú láàárín ara wọn. Àmọ́ àwọn ọmọ Èkó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin, wọ́n ń hó lé àwọn aṣòfin Òkè Ọya lórí, wọ́n ń bú wọn. Nígbà táwọn yẹn wọkọ̀ rélùwéè pé àwọn ń lọ sílé, wọ́n tún ń pàdé èébú láwọn ibùdókọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ rò ó wò: ọba àtọmọ ọba wà lára wọn, àwọn tí ará ìlú wọn ń dọ̀bálẹ̀ fún. Wọn ò gbàgbé ẹ̀ títí wọ́n fi kú. Irin tí wọ́n gbà lọ yẹn náà ni irin tó kó àwọn bàbá wa dé Kánò, Zaria, Kaduna àti Jọ́s. Àwọn bàbá wa wà níbẹ̀ nídìí ọjà wọn, wọn ò sí l'Ékòó, wọn ò bú ẹnikẹ́ni.

Oṣù kan àbọ̀ péré lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ pinnu pé àwọn máa gbé ìpolongo òmìnira dé Òkè Ọya fúnra rẹ̀. Kánò ni wọ́n fẹ́ lọ. Akíntọ́lá ni wọ́n fi ṣe olórí ikọ̀. A gbà pé nítorí pé ó gbọ́ èdè, tó sì dàgbà láàárín wọn, lo fi yẹ bẹ́ẹ̀ lójú ẹgbẹ́. Àmọ́ inú ìlú ti gbóná. Àwọn aláṣẹ Kánò tó ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìpàdé náà yí ọwọ́ wọn padà, ìpàdé ò sì wáyé mọ́. Ìyẹn ò dá wàhálà dúró. Láàárín oṣù karùn-ún 1953, fún bí ọjọ́ mẹ́rin, Sábọ̀n Gàrí àti Fagge di ojú ogun. Òkò, ọfà, iná, àdá. Nígbà tí ìjọba ka òkú, wọ́n ní ènìyàn mẹ́rìndínlógójì ló kú, mọ́kànlélógún nínú wọn jẹ́ ará Gúúsù, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ ará Òkè Ọya. Àwọn tó fara pa lé ní igba.

Ohun kan wà níbẹ̀ tá ò gbọ́dọ̀ fi pa mọ́. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ làwọn jàǹdùkú náà ń bínú sí, ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá sì ni gbogbo ènìyàn kà á sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjà dé, àwọn Ígbò ló forí fá a jù. Wọ́n ní ará Gúúsù ni ará Gúúsù. Ẹni tó bá ń gbé Sábọ̀n Gàrí lóde òní mọ̀ pé bó ṣe rí náà nìyẹn: nígbà tí igbó bá ń jó, iná kì í béèrè orúkọ igi.

Ṣé Akíntọ́lá ló jẹ̀bi? Àwọn òyìnbó àtàwọn aláṣẹ Òkè Ọya sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, wọ́n ní ìrìn àjò rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Àwa ò ní gbè é débẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ òmìnira nínú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ ní Kánò bó ṣe lè sọ ọ́ n'Ìbàdàn, ẹni tó sì sọ òkò ló sọ òkò. Ṣùgbọ́n à ń bi í pé: oṣù kan àbọ̀ sígbà tí wọ́n bú àwọn èèyàn yẹn l'Ékòó, ta ló bá àwọn àgbà wa tó ń gbé ní Sábọ̀n Gàrí jókòó, kó béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá àkókò ti tó? Olóṣèlú á wá, olóṣèlú á lọ, aláṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ló máa sùn níbẹ̀. Ọmọ aláṣọ Mínná ló yẹ kó mọ èyí ju gbogbo wọn lọ. Ibi tá a ti rí i pé ọgbọ́n kùnà nìyẹn, kò sì sí bá a ṣe fẹ́ pọ́n ọn lé tá a máa sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìjà Kánò yìí ló mú kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pe gbogbo àwọn aṣáájú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún yẹn kan náà. Ohun tí wọ́n bá bọ̀ ni pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa dá ṣe tiẹ̀, kí agbára pọ̀ lọ́wọ́ Ìbàdàn, Enugu àti Kaduna ju Èkó lọ. Òfin tuntun náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹwàá, ọdún 1954. Àwọn tó wà nílé jó, wọ́n yọ̀, wọ́n rí ilé ìwé ọ̀fẹ́. Fún àwa tá a wà lẹ́yìn odi, ojú mìíràn ló ní. Kaduna bẹ̀rẹ̀ ètò pé ọmọ Òkè Ọya ni kó kọ́kọ́ gba iṣẹ́ ìjọba níbẹ̀, bí wọn ò bá rí ọmọ Òkè Ọya, kí wọ́n gba òyìnbó, ọmọ Gúúsù ló gbẹ̀yìn. Àwọn akọ̀wé àti oníṣirò Yorùbá tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ayé rélùwéè di ẹni à ń lé. Ará Ìlọrin, Ọ̀fà àti Kàbà nìkan ló ń mú un jẹ, torí Òkè Ọya ni ìwé kà wọ́n kún. Ọ̀rọ̀ ta ni onílé, ta ni àlejò, tí wọ́n fi ń dá àwọn ọmọ wa lóró títí dòní nígbà tí wọ́n bá ń wá ilé ìwé tàbí iṣẹ́, inú àwọn ọdún wọ̀nyí ló ti ta gbòǹgbò.

Kò pẹ́ sí ìjà Kánò tí Bọ̀dé Thomas kú, ní oṣù kọkànlá ọdún 1953. Akíntọ́lá ló bọ́ sí àyè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbákejì Awólọ́wọ̀ nínú ẹgbẹ́. Ìbò gbogbogbòò wáyé lọ́dún 1954, ohun tó yani lẹ́nu sì ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tó ń ṣèjọba n'Ìbàdàn fìdí rẹmi nínú ìbò Èkó láàárín ilé ara rẹ̀: nínú àga 42 tó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn, alákùkọ mú 23, Ọlọ́pẹ mú 18. Òfin sì sọ pé ẹgbẹ́ tó bá pọ̀ jù láti ẹ̀ka kan ni yóò yan mínísítà mẹ́ta tó jẹ́ ti ẹ̀ka náà. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn alákùkọ ló ń ṣe mínísítà lórúkọ Ìwọ̀-Oòrùn, Adégòkè Adélabú ọmọ Ìbàdàn wà lára wọn, Ọlọ́pẹ wá ń wòran.

Akíntọ́lá ló di olórí ẹgbẹ́ alátakò nílé náà. Iṣẹ́ yìí le ju ti mínísítà lọ. Kò sí owó ìjọba lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é, kò sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu nìkan ló ní. Ẹnu sì ni Akíntọ́lá ní jù. Ó mọ òfin, ó mọ ìwé ìròyìn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi àwàdà gún ènìyàn lọ́kọ̀ tí onítọ̀hún á tún máa pàtẹ́wọ́. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe é. Lójú tiwa, ìgbà tó wúlò jù fún Nàìjíríà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òpópónà tí wọ́n fi sọrí rẹ̀.

Oṣù kẹta ọdún 1957 ló tún gbé ọ̀rọ̀ òmìnira wá síwájú ilé, ọdún mẹ́rin géérégé lẹ́yìn tí àbá Enahoro dá wàhálà sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò jáde, ẹnikẹ́ni ò bú ẹnikẹ́ni. Gbogbo ilé, àtará Òkè Ọya àtará Gúúsù, fẹnu kò pé kí òmìnira dé lọ́dún 1959. Òyìnbó ò gba 1959 yẹn wọlé, ọ̀rọ̀ ṣì tún yí lọ yí bọ̀. Rẹ̀mí Fani-Kayọ̀dé tún gbé àbá tiẹ̀ wá lọ́dún 1958, Balewa gbé èyí tó kẹ́yìn wá níbẹ̀rẹ̀ 1960, òun ló mú ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá wá. Tí àwọn ọmọ wa bá ń jiyàn lórí ta ló gbé àbá òmìnira wá, kí wọ́n mọ̀ pé ènìyàn mẹ́rin ni, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ Ọlọ́pẹ nígbà tí wọ́n gbé e wá. Ti Akíntọ́lá ni ilé kọ́kọ́ fohùn kan gbà. Ohun tó yí padà láàárín 1953 sí 1957 ni pé wọ́n ti fi ọkàn àwọn ará Òkè Ọya balẹ̀ pé ẹ̀ka wọn á wà lọ́wọ́ wọn, ẹni tó sì gbé e wá kì í ṣe ẹni tó ń jà pẹ̀lú wọn nígbà gbogbo.

Ìparí oṣù kẹjọ ọdún yẹn, Balewa di olórí ìjọba àpapọ̀ àkọ́kọ́. Ó ní òun fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ wọlé kí wọ́n jọ múra sílẹ̀ de òmìnira. Ọlọ́pẹ gbà, wọ́n fi ènìyàn méjì sílẹ̀: Ayọ̀ Rósíjì gba ètò ìlera, Akíntọ́lá gba ìbánisọ̀rọ̀ àti ọkọ̀ òfuurufú. Lásìkò tó wà níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Nàìjíríà àti Gáńà àtàwọn yòókù jọ ní fọ́, tí Nàìjíríà sì dá tirẹ̀ sílẹ̀. Oṣù kẹwàá 1958 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun la wá mọ̀ sí Nigeria Airways.

Ọdún méjì tí wọ́n fi jọ ṣe ìjọba yẹn yí Akíntọ́lá lójú padà. Ó rí i pé èèyàn lè bá àwọn Balewa ṣiṣẹ́, pé ẹni tó bá jókòó sídìí àwo ló ń bù jẹ. Awólọ́wọ̀ ò rí i bẹ́ẹ̀. Èrò tiẹ̀ ni pé kí Ọlọ́pẹ wọ Òkè Ọya lọ, kó gba ìbò àwọn mẹ̀kúnnù àtàwọn ẹ̀yà kéékèèké, kó sì gba ìjọba àpapọ̀ pátápátá. Nígbà tí ìbò 1959 dé, òun fúnra rẹ̀ kúrò n'Ìbàdàn lọ sí Èkó, ó fi ipò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ fún Akíntọ́lá. Ọlọ́pẹ mú àga 73, 25 nínú rẹ̀ jẹ́ ti Òkè Ọya níbi tí wọ́n ti jọ ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ Joseph Tarka, ọmọ Tiv. Kò burú, àmọ́ kò tó. Sàdáúnà mú 134, alákùkọ mú 89, àwọn méjèèjì para pọ̀ ṣèjọba. Awólọ́wọ̀ di olórí alátakò, Akíntọ́lá di Pirẹ́míà.

Ẹ wo bọ́rọ̀ ṣe yí bìrí. Ẹni tó mọ ilé aṣòfin Èkó bí ẹni mọ owó, tó bá wọn jẹ, tó bá wọn mu, wọ́n dá a padà sílé. Ẹni tó mọ ìjọba Ìbàdàn ju gbogbo ayé lọ, wọ́n gbé e lọ sí àga alátakò. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n ti kọ nípa ìjà wọn, owó wà níbẹ̀, ìlara wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyàwó àti ìjòyè wà níbẹ̀. A ò sọ pé kò sí. Àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ ni ìbéèrè kan tí kò tíì tán nílẹ̀: ṣé kí Yorùbá dúró síta kó máa tako ìjọba àpapọ̀ títí yóò fi gbà á, àbí kó wọlé kó bá wọn jókòó? Akíntọ́lá ní ká wọlé. Ó ní iṣẹ́ àti ipò tó yẹ ọmọ Yorùbá l'Ékòó ti ń lọ sọ́wọ́ àwọn mìíràn nítorí pé a ò sí níbẹ̀.

Jọ́s lọ̀rọ̀ ti fọ́. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ mọ̀ọ́mọ̀ gbé àpérò ńlá wọn ti 1962 lọ síbẹ̀ ní oṣù kejì, káyé lè rí i pé ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Awólọ́wọ̀ rọ́wọ́ mú níbẹ̀, wọ́n yọ Rósíjì nípò akọ̀wé àgbà, wọ́n fi S.G. Ikoku rọ́pò. Akíntọ́lá àtàwọn tiẹ̀ kúrò ní Jọ́s kí àpérò tó parí, Sàdáúnà ń bọ̀ wá ṣe àbẹ̀wò sí Ìwọ̀-Oòrùn, Pirẹ́míà sì fẹ́ wà nílé láti gbàlejò. Bí àwọn aṣáájú Yorùbá ṣe pín sọ́tọ̀ nìyẹn, níwájú àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní Jọ́s.

Ìyókù kò gùn. Oṣù karùn-ún ọdún náà, Ọọ̀ni Adérẹ̀mí tó ti di Gómìnà yọ ọ́ nípò nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú aṣòfin fọwọ́ sí i pé àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́. Wọ́n fi Dáúdà Adégbẹnró rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àga fò nílé aṣòfin Ìbàdàn, ọlọ́pàá yin tajútajú. Ilé aṣòfin Èkó, ilé tí Akíntọ́lá ti ní ọ̀rẹ́, ló dìbò pé kí ìjọba pàjáwìrì wà ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ó lo oṣù mẹ́fà, wọ́n sì gbé Akíntọ́lá padà sórí àga ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1963. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ní oṣù karùn-ún pé yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ bófin mu, ilé aṣòfin Ìbàdàn tètè tún òfin kọ, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá. Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n. Akíntọ́lá dá Dẹ́mọ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1964, ó sì bá ẹgbẹ́ Sàdáúnà mulẹ̀. Ọdún yẹn náà ló jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ẹkẹtàlá irú rẹ̀.

Àwọn àgbà kan láàárín wa l'Ókè Ọya gbà pé àdéhùn òun àti Sàdáúnà dáàbò bo ọjà wọn lásìkò náà. A ò lè bá wọn jiyàn lórí ohun tójú wọn rí. Ṣùgbọ́n ìbò tí Dẹ́mọ̀ ṣe ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, kò sẹ́ni tó lè gbè é. Wọ́n jí i, wọ́n jí i lójú ọjọ́. Ará ìlú mú bẹntiróòlù, wọ́n mú ìṣáná, wọ́n ń sun ilé, wọ́n ń sun èèyàn, ìyẹn ni wẹ́tíẹ̀. Ẹni tó ti fi ọdún púpọ̀ sọ ọ́ l'Ékòó pé ẹnu ló yẹ kí wọ́n fi ṣòṣèlú, kò rí ẹnu fi pa iná yẹn.

Ní òru ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1966, àwọn ṣójà ya wọ ilé Pirẹ́míà n'Ìbàdàn. Ìbọn wà lọ́wọ́ Akíntọ́lá, ó sì yìn ín kí wọ́n tó pa á. Òru yẹn kan náà ni wọ́n pa Sàdáúnà ní Kaduna, tí wọ́n sì gbé Balewa lọ l'Ékòó. Nínú àwọn tó jókòó sílé aṣòfin lọ́jọ́ tí Enahoro dìde lọ́dún 1953, mẹ́ta nìyẹn lóru kan. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sin.